Oru Ló Ń Jó: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Kókó fún Fídíò Sáyẹ́ǹsì

 

Nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní Ajílété, wọ́n fi bébà kan sínú ìwé ìpè náà. Kókó mọ́kànlá ni wọ́n tò sórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú ọ̀kan tí àwọn yóò fi ṣe fídíò sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tí gbogbo ìlú yóò wò. Ihò dúdú ojú sánmà wà níbẹ̀. Ìrìn àjò sí Mars wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ronú bí ènìyàn, bọ́ǹbù átọ́míìkì, bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Mo kà á tán, inú mi dùn, nítorí ó hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kàwé. Ṣùgbọ́n mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo ń wá ohun kan tí mo lè fọwọ́ kàn bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọ̀nà Owódé sí Ìlaròó yìí, n kò rí i. Kókó mọ́kànlá, kò sí ọ̀kan tó jẹ mọ́ ilé ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ohun tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Màá kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹni tó bá ní láti tètè padà sídìí ọjà rẹ̀ má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Kókó tó yẹ fídíò yín ni ìbéèrè kan tó ti wà nínú ilé ẹni tó máa wò ó, tí fóònù lásán lè fi ìdáhùn rẹ̀ han ojú, tí ìdáhùn náà yóò sì yí nǹkan kan padà nínú ohun tí onítọ̀hún máa ṣe lọ́la. Ìbéèrè ni mo wí, ẹ gbọ́ o. “Iná mànàmáná” kì í ṣe ìbéèrè. “Ìlera” kì í ṣe ìbéèrè. Àkọlé ni wọ́n, bí àkọlé ara ṣọ́ọ̀bù tí a kò tíì kó ọjà sí. “Kí ló dé tí gílóòbù ilé wa fi ń jó tán kíákíá?” Ìyẹn ni ìbéèrè. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fẹ́ dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ kò nílò àlejò kó tó kọ́ yín ní èyí, nítorí ilẹ̀ Yewa àti Kétu ló ni Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ aráyé, ní 2008 ó wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn, fún Nàìjíríà, Benin àti Togo lápapọ̀. Òkìkí yẹn dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Ẹ̀fẹ̀ ń ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Òru ló ń jáde. Gbogbo ìlú á ti pé jọ, ọmọdé, àgbà, àlejò tó wá láti ìlú kejì. Ọ̀rọ̀ wo ló ń mú kọrin? Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú lọ́dún náà ni: ẹni tó fi ọwọ́ ẹ̀yìn kó owó ẹgbẹ́, àìsàn tó wọ̀lú, ìwà tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ gbé dé. Kò sí Ẹ̀fẹ̀ tó máa dúró ní gbàgede ìlú yìí kó máa kọrin nípa ìjà àwọn ìyàwó ọba ìlú tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Àwọn agbẹ́gilére pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ máa rí ejò àti ẹyẹ, ẹ máa rí ìyá tó gbé igbá ọjà rù, ẹ tún máa rí alùpùpù àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tí ojú ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ń mú ojú ìlú. A ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ohun àjèjì kọ́ ni ojú náà rí. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló rí, lọ́nà tí kò gbà rí i rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí òkèèrè díẹ̀, kí n tó mú yín padà wá sílé.

Ní London, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Royal Institution. Láti 1825 ni wọ́n ti dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà Kérésìmesì sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn jù ni Michael Faraday. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Iṣẹ́ dídi ìwé ni wọ́n fi í kọ́ ní kékeré, kò sì tẹ ẹsẹ̀ wọ yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Òun náà ló wá ṣàwárí ní 1831 bí mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà ṣe lè bí iná mànàmáná, àwárí tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ní Nàìjíríà lónìí gbára lé. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti mú kókó ńlá tó ń dẹ́rù bani, Faraday ni. Ṣùgbọ́n ní 1848, àti lẹ́ẹ̀kejì láti ìparí 1860 wọ 1861, ohun tó fi dá àwọn ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́ ni àbẹ́là. Àbẹ́là lásán, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní London nígbà náà ń tàn lálẹ́. Ó fi ìjókòó mẹ́fà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì tán.

Mo ní àbẹ́là kan lórí tábìlì yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fáànù yẹn, kí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn sì sún mọ́ iwájú.

Mo tàn án. Ẹ jẹ́ kó jó díẹ̀ kí ìda orí rẹ̀ yọ́. Ó dáa. Mo fẹ́ ẹ pa báyìí. Ẹ wo ohun tó ń jáde lára òwú: ó funfun, ó tín-ín-rín, ó ń gòkè bí okùn. Gbogbo wa là ń pè é ní èéfín. Ẹ wá wo ìṣáná tí mo ṣá yìí. N kò gbé e kan òwú. Òkè ni mo gbé e sí, ó fi bí ìka méjì jìnnà sí òwú, inú okùn funfun yẹn ni mo kì í bọ̀.

Ẹ rí i! Iná fò kúrò lẹ́nu ìṣáná, ó gba inú okùn funfun yẹn sáré wálẹ̀, ó sì gbá òwú mú. Ọmọ tó pariwo lẹ́yìn yẹn, o ṣeun. Ariwo yẹn ni mo wá gbọ́ láti Ìlaròó.

Kí ló fà á? Ohun funfun yẹn, ìda ni. Ooru ti sọ ìda di oru, oru náà ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń tutù bọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé jó. Iná rí i, iná sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sílé. Faraday fi èyí han àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó tún fi páìpù gíláàsì fa oru jáde láti àárín ọwọ́ iná, ó sì tan iná sí ẹnu páìpù náà lódìkejì. Ohun tó ń fi yé wọn ni pé ìda fúnra rẹ̀ kì í jó. Oru ìda ló ń jó. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí mo fi fi hàn yín, kò sì sí ẹni tó máa gbàgbé rẹ̀ kó tó délé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ajílété.

Kò sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò mọ ọ̀rọ̀ epo àti ẹnubodè. N kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àwọn aṣọ́bodè wà fún ìyẹn. Ní oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò padà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, epo gbówó lórí jákèjádò orílẹ̀-èdè. Nínú gbogbo èyí, ohun kan ni kò yí padà. Bí epo bá ṣòro rí, tàbí tó bá wọ́n, ẹni tó bá rí i yóò tọ́jú rẹ̀. Inú kẹ́gì ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kẹ́gì ẹ̀yìn ilé ìdáná, kẹ́gì abẹ́ àtẹ̀gùn, kẹ́gì inú yàrá tí ọmọ ń sùn nítorí àwọn olè.

Bí ẹ bá bi ẹni tó ni kẹ́gì náà pé ṣé kò bẹ̀rù iná, ohun tó máa sọ ni pé: “Mo ti dé e, iná ìdáná sì jìnnà sí i.” Kò purọ́, kò sì ya òmùgọ̀. Ó gbà pé epo ló ń jó, epo sì ti wà nínú kẹ́gì. Ẹ̀yin tí ẹ rí àbẹ́là yẹn nìkan lẹ mọ ohun tó ṣì mú nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìda ní láti gbóná kó tó di oru. Bẹntiróòlù kò dúró de ìgbóná kankan. Kódà nínú òtútù tó tó nǹkan bí 40 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, òtútù tí fìríìsà ilé wa kò lè sún mọ́, ó ṣì ń tú oru tó lè gbaná. Oru náà kì í gòkè bí okùn funfun tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ilẹ̀ ló ń rìn. Ó ń ṣàn bí omi tí ojú kò rí, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ó ń wá ibi tó relẹ̀. Kò sì ní láti pọ̀: bó bá ti tó ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀, ó ti tó jó. Iná ìdáná tí ẹni tó ni kẹ́gì ní ó jìnnà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni oru ń lọ. Bó bá débẹ̀, iná á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sí ìdí kẹ́gì, bí ó ṣe tọ ipasẹ̀ ìda padà sí òwú lójú yín níbí.

Èyí náà ló fà á tí fìtílà fi ń bú gbàù bí àwọn oníjìbìtì bá po bẹntiróòlù mọ́ kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì tó dára ní láti gbóná tó nǹkan bí 38 lórí ìwọ̀n Celsius, ó kéré tán, kí oru rẹ̀ tó pọ̀ tó láti gbaná, ìyẹn ni ó ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ nínú fìtílà wa. Bẹntiróòlù díẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, jẹ́ẹ́ náà ti parí. Ẹ sì rántí Abúlé Ẹ̀gbá, ní Èkó, tí kò jìnnà sí ìpínlẹ̀ wa: ní ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì, 26 oṣù Kejìlá 2006, páìpù epo tí wọ́n ti lù gbaná níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bu epo. Àwọn tó kú ju igba lọ. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má mọ̀ pé ohun tí imú wọn ń gbóòórùn rẹ̀ ló fẹ́ jó wọn.

Kókó tí mo bá yín mú rèé: oru epo inú kẹ́gì ilé wa. Ó wà nínú ilé. Ìdáhùn rẹ̀ ṣeé fi hàn. Ẹni tó bá sì wò ó, ó lè gbé kẹ́gì kan jáde kúrò nínú yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Níwájú àwọn òbí yín ni màá ti sọ èyí tó kàn: ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kán bẹntiróòlù kan ṣe fídíò yìí. Kókó tó máa pa ẹni tó ń ṣe é kì í ṣe kókó. Àbẹ́là tó láti fi hàn pé oru ló ń jó, bí àgbà kan bá dúró tì yín. Láti fi hàn pé oru lè ṣàn nílẹ̀, ẹ wá káún àti ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fún ọsàn sórí káún nínú jọ́ọ̀gì, ẹ máa rí i tó ń hó. Gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ẹ to àbẹ́là kéékèèké mẹ́ta sínú ike tó jinlẹ̀, kí ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹ wá rọra tẹ jọ́ọ̀gì sí etí ike náà bí ẹni ń da omi, ṣùgbọ́n kí omi inú rẹ̀ má dà. Gáàsì nìkan ni kó dà. Ẹ kò ní rí nǹkan kan tó ń ṣàn. Àbẹ́là tó kúrú jù á kú, èkejì á kú, ẹ̀kẹta á tẹ̀lé wọn. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ nínú fídíò náà pé gáàsì tiyín ń pa iná ni, pé ti bẹntiróòlù ń dá iná sílẹ̀ ni, ìrìn ẹsẹ̀ wọn nìkan ló jọra. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹnì kan á lọ gbà á sódì. Kí ẹ sì dán an wò nígbà púpọ̀ kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Bí káún yín kò bá hó tó, ẹ lo sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì àti fínígà.

Láàárọ̀ yìí, kí a tó wọlé, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ yìí pé kí ni wọ́n ń ṣe nílé wọn. Ó ní ìyá òun ń yan gààrí. Mo ní, “Ẹ kò fi ìyẹn sórí bébà yín?” Ó wò mí títí, ó ní, “Sà, ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ìyá mi ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àárọ̀, nítorí náà màá dá a lóhùn níwájú gbogbo yín, n kò sì fi bá a wí.

Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní linamarin. Ohun mìíràn tó lè fọ́ ọ wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé, ògiri wà láàárín wọn. Bí ẹ̀rọ bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri wó. Àwọn méjèèjì pàdé, sáyánáídì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, májèlé tí ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù. Rírin tí à ń rin ẹ̀gẹ́ ni ó ń tú májèlé sílẹ̀, èyí tó bá sì ti tú sílẹ̀ nìkan ló ṣeé lé lọ. Wọ́n á wá dì í sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi á máa ro fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kíkan á máa mú un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sẹ́ ẹ, tí wọ́n á dà á sínú agbada. Sáyánáídì ń hó ní nǹkan bí 26 lórí ìwọ̀n Celsius, ìyẹn ni pé ooru ọ̀sán Ajílété lásán tó o lé lọ, ká má tilẹ̀ sọ agbada tó wà lórí iná. Ìyá rẹ kò lọ kọ́ kẹ́mísìrì, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí onímọ̀ kẹ́mísìrì lè ní kó fò.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ fún fídíò ni: “Kí ló dé tí a fi ń fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ di ọ̀túnla?” Kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé, nítorí bí gààrí bá gbówó lórí, ọwọ́ àwọn kan á máa yá jù, wọ́n á rin ín lónìí, wọ́n á yan án lónìí. Ní 1981, ní agbègbè Nampula ní Mozambique, ọ̀dá mú kí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìjẹ́ pé wọ́n ṣe é pẹ́ tó. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rọ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nílé wa níbí, ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ń tọ ipasẹ̀ àìsàn kan ní ẹkùn Èpé àti ní Òsosà ní Ìjẹ̀bú: ẹsẹ̀ á máa ta gbọ̀n-ọ́n, ojú á máa ṣe bàìbàì, etí á máa di. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gẹ́ ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹja tàbí ẹran. Ó so àìsàn náà mọ́ sáyánáídì inú oúnjẹ yẹn, ayé sì gbọ́. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn bóyá sáyánáídì nìkan ló fà á, bí sáyẹ́ǹsì ṣe máa ń rìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀gá náà ti bẹ̀rẹ̀. Nídìí àwo oúnjẹ ni.

Ẹnìkan á ní, ṣé kí ọmọ wa má tíì ronú nípa ohun tó ga? Kó ronú. Ṣùgbọ́n ohun tó ga pàápàá, ẹ jẹ́ kó wọlé láti ẹnu ọ̀nà wa. Ìpele àpáta kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kárí ayé mọ̀ sí Ilaro Formation. Orúkọ Ìlaròó yìí náà ni. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, ìkarawun ìgbín òkun àti àwọn ẹ̀dá inú omi iyọ̀ mìíràn kún inú rẹ̀, nítorí òkun bo ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ní Togo, nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa fọ́síféètì ní Kpogamé, àwọn olùwádìí rí egungun àbùùbùtán àtijọ́ kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Togocetus ní 2014. Ẹni tó bá fẹ́ fi ayé àtijọ́ ya ìlú lẹ́nu, kó gbé òkúta Ewékorò kan dání, kó fi ìkarawun inú rẹ̀ han kámẹ́rà. Fídíò ẹlẹ́ẹ̀kejì yín nìyẹn. N kò fi í ṣe àkọ́kọ́ nítorí kò sí ilé tó máa jó bí a kò bá tètè ṣe é.

Ìdíje kan tún wà lókè òkun tí wọ́n ń pè ní Breakthrough Junior Challenge, láti 2015, tí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 13 sí 18 máa ń fi fídíò kékeré dù. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ mú ihò dúdú yín dání. Àwọn onídàájọ́ ni wọ́n ń ṣe tiwọn fún. Ẹni tí ẹ̀yin ń ṣe tiyín fún ni ìyá tó máa gbà á lórí WhatsApp láàárín ọjà, tí dátà rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán, tí oníbàárà sì dúró tì í. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Ẹ má sì fojú kéré ohun tó ń gba orí fóònù kọjá. Ní 20 oṣù keje 2014, ọkùnrin kan tó ní àìsàn Ebola bà sí pápákọ̀ òfuurufú Èkó láti Liberia. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù fi gba gbogbo ìlú. Ní òru tó mọ́jú 8 oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti fóònù sí fóònù: kí oníkálùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà ni wọ́n pè jí lóru ọjọ́ náà. Àwọn tí iyọ̀ gbé dé ilé ìwòsàn kò kéré, ìròyìn sì jáde pé àwọn kan kú. Ebola fúnra rẹ̀, ogún ènìyàn ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, àwọn oníṣègùn wa sì lé e lọ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ WHO fi kéde ní 20 oṣù kẹwàá pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ìmọ̀ tó ṣẹ́gun àìsàn náà wà ní Èkó ní òru yẹn. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa fi Yorùbá tó já geere sọ, láàárín ìṣẹ́jú méjì, ohun tí iyọ̀ àmujù ń ṣe nínú àgọ́ ara. Irọ́ ní ìdáhùn kúkúrú fún ìbéèrè tó wà ní gbogbo ilé. Òtítọ́ kò tíì gbé tirẹ̀ dé.

Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni kí ẹ fi ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Yorùbá kò gba sáyẹ́ǹsì, ẹ sọ fún un pé ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ ní Yorùbá, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ẹ pè é ní ẹ̀gẹ́. Ẹ ní oru, ẹ má ní “gáàsì tí ń jáde láti ara ohun olómi”. Bí ẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan tú, ẹ lọ bá àwọn àgbà tó jókòó níwájú yìí kí ẹ tó gbé e síta.

Bébà yín rèé, mo dá a padà. N kò fa igi lé kókó kankan lórí rẹ̀. Mo kàn kọ ìkejìlá sí ìsàlẹ̀: “Níbo ni kẹ́gì ilé yín ń sùn?” Kí ẹ tó tan kámẹ́rà, ẹ lọ sí ilé mẹ́wàá, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ má sì ya fọ́tò kẹ́gì ẹnikẹ́ni. Bí fídíò bá jáde, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò bóyá kẹ́gì kan ti kúrò nínú yàrá. Bí ẹyọ kan bá kúrò, ẹ pè mí, ọjọ́ yòówù kó jẹ́. Àbẹ́là mẹ́ta tí ẹ máa lò ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé yín.